Adìẹ Kan, Bìsímílàhì Kan

Òtútù ibẹ̀ a máa wọ eyín.
Ní gúúsù Bùràsíìlì, nínú oṣù keje,
yìnyín a kun ojú fèrèsé wa funfun,
bàbá mi a sì jí kí àkùkọ tó kọ,
a fi omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì ṣe àlùwàlá,
a kírun Àsùbáà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wa,
kó tó lọ pàdé àwọn adìẹ ọjọ́ méjìlélógójì
tí wọn kò fẹsẹ̀ tẹ koríko rí.

Mofásàlì lorúkọ rẹ̀, ọmọ Báríṣáàlì,
níbi tí odò ti ń jẹ ilẹ̀ bí ọmọdé ti ń jẹ búrẹ́dì.
Odò jẹ oko, ó jẹ ilé, ó jẹ ibojì ìyá rẹ̀.
Ohun tó kù ú kù kò ju ọwọ́ ọ̀tún àti ahọ́n.
Àwọn méjèèjì náà nilé iṣẹ́ ẹran gbà á sí:
ọwọ́ tí yóò dúńbú, ahọ́n tí yóò dárúkọ Ọlọ́hun.

Wọ́n ń bọ̀ lórí ẹ̀wọ̀n irin, ní ìdoríkodò,
bí aṣọ tí wọ́n sá sínú ilé.
Bìsímílàhì, Àlááhù Àkúbárù. Ọ̀bẹ.
Bìsímílàhì, Àlááhù Àkúbárù. Ọ̀bẹ.
Tó bá dalẹ́, ohùn rẹ̀ a ti há pátápátá.
Rókéyà ìyá mi a po oyin mọ́ omi gbígbóná fún un,
ojú ló fi ń bi wá bóyá a ti ṣe iṣẹ́ ilé ìwé.

Ọdún tí ọkọ̀ òkun ń dúró de ẹrù ní èbúté,
Ademíìrì ọ̀gá wọn wá bá a, tòun ti ìwé àti kọfí.
Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá rọrùn.
Ó ní, "Mofásàlì, ẹ̀rọ ti dé. Ohùn ẹ̀rọ kì í há.
A ó ká ohùn tìrẹ sílẹ̀, kó máa dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
ìwọ ṣáà máa buwọ́ lùwé pé ọwọ́ rẹ ló pa á.
Adìẹ kò ní lọ fẹjọ́ sùn."
Ó gbé owó lé e.
Ó ní òun náà bímọ, òun mọ bó ṣe ń rí.

Malámíìnì ará Sẹ̀nẹ̀gà buwọ́ lù ú,
kò wojú ẹnikẹ́ni fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.
Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún ìbejì. N kò bú u.
Ẹnìkan tó ju bàbá mi lọ nínú ìmọ̀ sọ lórí fóònù
pé ìnira a máa ṣílẹ̀kùn ohun tí a tì.
Bàbá mi ní, "Fún ẹni tí ebi ń pa kú lọ ni.
Àwa ò jẹ ju owó ilé lọ."

Èmi, ọmọ ọdún méjìlá, ni mo là á mọ́lẹ̀ nídìí oúnjẹ:
"Bàbá, ẹ buwọ́ lù ú. Adìẹ lásán ni."
Kò nà mí.
Ó fa ọwọ́ ọ̀tún mi, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.
"Ta ló ni èyí?"
Mo ní èmi ni.
Ó ní, "Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnu rẹ yóò pa mọ́,
tí òun yóò máa sọ̀rọ̀."
Ó wá jókòó, ó parí ẹ̀wà rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé ó pọ́n ọ̀bẹ náà, ó nù ún,
ó dá a padà ní mímú bó ṣe gbà á.
Ọkọ̀ òkun gbéra. Ẹnikẹ́ni kò dá a padà lójú omi.
A kó lọ sí yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onítáyà,
ó ń ru àpótí tòmátì ní òru,
bàtà ilé ìwé tí wọ́n ṣèlérí fún mi
di ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ mọ́.

Ní oṣù kejì, ohùn rẹ̀ padà.
Ó jókòó tì mí, ó bi mí, ketekete:
"Kí lẹ kọ́ lónìí?"
N kò dá a lóhùn.
Inú bàtà yẹn ṣì ń bí mi.